Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ṣin Inú Gárèèjì Wa

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ilé wa ní Riverdale, lẹ́bàá Atlanta, ṣe máa ń dún lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ mú sáńpépà, kí ẹ fi ha pákó gbígbẹ. Ṣàá, ṣàá, ṣàá. Ìró yẹn ló ń jí mi láràárọ̀ Sátidé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni màá gbọ́ ọkọ̀ òfuurufú tó ń sọ̀ lọ sí pápákọ̀ ní College Park, tí gbogbo fèrèsé á máa gbọ̀n, lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn ìyá àgbà mi ní kíṣìnì, tó ń bá ata wí pé kò ta tó ata ilé. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń fi mọ́tò bàbá wọn fọ́nnu. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní gárèèjì tiwa, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ló wà níbẹ̀, ọkọ̀ onípákó ńlá tí èèyàn mẹ́rin lè jókòó sínú rẹ̀, tó ní ilẹ̀kùn, tó ní fèrèsé onígíláàsì, tó sì ní ìjókòó gíga níwájú fún awakọ̀. Ẹṣin nìkan ni kò ní. Mo ti lé lógójì ọdún báyìí, mo sì ṣì ń fi fọ́nnu.

Ọ̀gá káfíńtà ni bàbá mi ní Abẹ́òkúta. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré o. Ó kọ́ṣẹ́, ó gbòmìnira, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó ní àwọn ọmọṣẹ́ tó ń dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé Atlanta, ẹrù ló ń tò sínú ọkọ̀ òfuurufú, àwọn tí wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é ní Sol, torí pé Ṣọlá ti pọ̀ jù lẹ́nu wọn. Dádì kò ráhùn. Ó kàn jẹ́ pé tí a bá lọ kí èèyàn nílé, á máa fọwọ́ pa tábìlì wọn, á wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ojú máa ń ti Mọ́mì. Ó ní kí ló ń wá lábẹ́ tábìlì olóúnjẹ. Dádì á ní òun ń wá ẹni tó ṣe é ni. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kì í kọ orúkọ sí ojú iṣẹ́, abẹ́ ló ń kọ ọ́ sí, níbi tí ó jẹ́ pé káfíńtà mìíràn tó bá tú u nìkan ló máa rí i. Mo rò pé àwàdà ni nígbà náà.

Mọ́mì ló fa kẹ̀kẹ́ náà bá wa. Nọ́ọ̀sì ni, ilé àwọn arúgbó ló ń lọ láti tọ́jú wọn, ọ̀kan nínú wọn sì ni Miss Odessa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin dúdú ọmọ ibí, tó ń dá gbé ní Conyers. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gún ju tèmi lọ. Níbi tí Mọ́mì ti ń wọn ìfúnpá rẹ̀ ló ti ń fi ọkọ rẹ̀ yangàn, pé kò sí àga tó kán tí ọkùnrin náà kò lè jí dìde. Ni Miss Odessa bá ní kó tẹ̀lé òun lọ sí abà tó wà lẹ́yìnkùlé, níbi tí kẹ̀kẹ́ náà wà. Nígbà tó di Sátidé, Dádì lọ wò ó fúnra rẹ̀. Mọ́mì ní ó yí kẹ̀kẹ́ náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó wo abẹ́ rẹ̀, irin àti ẹrẹ̀ gbígbẹ ló rí níbẹ̀, nígbà tó sì dìde, ó ṣí fìlà. Àdéhùn wọn kò le rárá. Kí Dádì tún ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe, kó sì pààrọ̀ pákó ìsàlẹ̀ tí ikán ti jẹ. Ìyẹn nìkan. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí pé ibẹ̀ ni wàhálà ti wá.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí Dádì, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Abẹ́òkúta lọ́dún yẹn ni. Ó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí tírélà gbé kẹ̀kẹ́ náà wọ àdúgbò wa, tí àwọn aládùúgbò ń yọrí lójú fèrèsé. Ó gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀, ó dìde, ó bèèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ pé òkú ta ni wọ́n gbé wá. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ọkọ̀ gíga tó dúdú, tó ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́, òkú ọlọ́lá ló ti rí i tí wọ́n fi irú rẹ̀ gbé. Dádì ṣàlàyé títí, Ìyá àgbà ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kò ní wọlé àfi tí òun bá gbàdúrà sí i. Awakọ̀ tírélà dúró sínú oòrùn. Ìyá àgbà yí i po, ó wọ́n omi sí i, ó bá a wí, ó bùkún un, ó ní kí ohun tó bá ń tẹ̀lé e padà sí Conyers. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo dé láti ilé ìwé, mo wá a títí nínú ilé, inú kẹ̀kẹ́ náà ni mo ti bá a tó jókòó pẹ̀lú ẹ̀gúsí rẹ̀, tó ń bó o, tó ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára, àti pé ìjókòó rẹ̀ sàn ju gbogbo àga Mọ́mì lọ.

Báyìí ni a ṣe ń gbé ayé wa yí i ká. Dádì á dé láti ibi iṣẹ́, á jẹun, á bọ́ aṣọ aláàárù aláwọ̀ búlúù yẹn sílẹ̀, bí Ìyá àgbà ṣe ń pe yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ nìyẹn, á wọ ṣòkòtò àtijọ́, á wá di ẹlòmíràn. Ohùn rẹ̀ pàápàá máa ń yí padà. Ní gárèèjì yẹn, kì í ṣe Sol mọ́. Èmi ni mò ń gbá èérún igi lẹ́yìn oúnjẹ, Ìyá àgbà á sì máa pariwo láti orí ìjókòó rẹ̀ pé kí n má gbá a bí ẹni tó ń lé adìẹ. Dádì kì í kánjú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló dá a sílẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ tó láti fi bá ọmọ mi wí lónìí, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì gbó.

Ní Sátidé, Mọ́mì á gbé Miss Odessa wá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo pè é bẹ́ẹ̀ lójú Ìyá àgbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi lẹ́nu, ó ní orúkọ àgbà ni mo gbé sẹ́nu bẹ́ẹ̀. Mo ní bí wọ́n ṣe ń pè é níbí nìyẹn. Ó ní kò kan òun. Òun pè é ní Ìyá Conyers, ó sì dáhùn. Àwọn méjèèjì á jókòó sínú kẹ̀kẹ́ náà, èmi láàárín wọn bí ògbufọ̀, pẹ̀lú ojojo tó gbóná nínú àwo. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn kẹ̀kẹ́ náà. Ọlọ́rọ̀ kan tó ní oko òwú ló kọ́kọ́ ni ín. Ọjọ́ kan, ẹṣin ta kìjí, kẹ̀kẹ́ náà ya bàrà sínú kòtò, ó fọ́. Ọlọ́rọ̀ náà jù ú sẹ́yìn ilé ẹṣin rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Josiah Tarver, bàbá bàbá Miss Odessa, tó ń ṣe ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ló rà á ní fífọ́. Ó tún un ṣe, ó sì fi ń gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ń gbé òkú lọ sí itẹ́, ó fi ń gbé àwọn tíṣà tó wá láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí mo túmọ̀ ti òkú, Ìyá àgbà wò mí, ó ní ṣé mo rí i, pé òun kò purọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn tí gbogbo èèyàn gbà nìyẹn. Míúsíọ̀mù ìlú wọn fẹ́ gba kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n sì ti kọ àkọlé tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ọn: orúkọ ọlọ́rọ̀ yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín, àti Josiah gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ tó ń wà á. Lójú tiwọn, níbo ni èèyàn dúdú ìgbà yẹn ti fẹ́ rí irú rẹ̀ ní? Miss Odessa ní òun máa kọ́kọ́ dáná sun ún. Ọkùnrin míúsíọ̀mù náà kì í ṣe èèyàn burúkú, ó ní tí ẹ̀rí bá wà, òun máa yí i padà, ó sì dá Sátidé kan tó máa wá wò ó ní gárèèjì wa. Mo bèèrè lọ́wọ́ Miss Odessa pé ibo ni ẹ̀rí náà wà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo ohun tó fẹ́ rí wà lára kẹ̀kẹ́ náà, òun máa fi hàn án fúnra òun lọ́jọ́ yẹn. Àgbà ni, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò sì mọ ohun tí mo lè bèèrè sí i.

Dádì parí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó parí pákó ìsàlẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àlejò dé. Ẹ̀yin náà mọ ilé Yorùbá tí àlejò ń bọ̀ wá. A fọ kọ́tìnì. A fọ ògiri. Ìyá àgbà ní kí wọ́n fọ ojú títì, Mọ́mì ló bẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà wá dúró níwájú kẹ̀kẹ́ náà, ó wo ọ̀dà ara rẹ̀ tó ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, ó ní ṣé báyìí ni ohun ìní bàbá àgbàlagbà ṣe máa wà kí oyìnbó tó wá wò ó. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́kàn Dádì tẹ́lẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò fi ènì sí iṣẹ́, ahun ni. Wọ́n ní kó ṣe ẹsẹ̀ àti ìsàlẹ̀, òun máa fi ọ̀dà ṣe ènì fún Ìyá Conyers, kó lè yọ̀ nígbà tó bá dé. Ó ha gbogbo ara rẹ̀ dé pákó, ilẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́, gbogbo rẹ̀ pátá. Ó kun ún lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó dúdú, ó ń dán, mo ń rí eyín mi lára ilẹ̀kùn. N kò tíì rí i kí inú bàbá mi dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti dé Amẹ́ríkà.

Sátidé tó ṣáájú ti àlejò, gbogbo wa tò sí gárèèjì. Dádì wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Miss Odessa wọlé, ó rí i, ó dúró. A rò pé ayọ̀ ni. Ó rìn lọ sí ibi ilẹ̀kùn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó pa á lọ sókè, ó pa á wá sísàlẹ̀, ó tún un pa. Lẹ́yìn náà ló bèèrè jẹ́jẹ́ pé, "Orúkọ rẹ̀ dà?" Kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ. Ó jókòó sórí korobá tí a dojú rẹ̀ dé, ó ṣàlàyé. Bàbá àgbà rẹ̀ fi ọ̀dà tó nípọn kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ilẹ̀kùn yẹn. Nígbà tó kú, ọmọ rẹ̀ fi ọ̀dà dúdú bò ó, torí pé láyé ìgbà náà, èèyàn dúdú tó bá kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára nǹkan ńlá, wàhálà ló ń pè. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà ṣì wà lábẹ́ ọ̀dà. Láti kékeré ni Miss Odessa ti ń fi ìka kà á. Òun ni ẹ̀rí tó fẹ́ fi han ọkùnrin náà.

Èmi náà ti fi ìka kan án rí, níbi tí mo ti ń ṣeré, mo rò pé ọ̀dà tó wú ni. Miss Odessa kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni, ì bá sì sàn kó bú wa. Dádì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Miss Odessa kò rí irú rẹ̀ rí, ó rò pé ó dákú ni, ó ń ké sí Mọ́mì kó wá wò ó. Ìyá àgbà fọwọ́ tọ́ mi, ó ní kí n sọ fún un pé ẹ̀bẹ̀ ni ọmọ òun ń bẹ̀. Mo sọ ọ́. Arúgbó náà na ọwọ́ sí i kó dìde, ṣùgbọ́n kò sọ pé kò burú. Ó ní kí Mọ́mì gbé òun lọ sílé. Ẹ wò ó, mo ti rí bàbá mi nínú àárẹ̀, mo ti rí i níbi tí ọ̀gá kékeré ti ń jágbe mọ́ ọn, ojú kò tì mí rí. Lọ́jọ́ yẹn, ìtìjú rẹ̀ dùn mí dé egungun.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, ilé wa dákẹ́. Kò sí sáńpépà. Dádì ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ó ń fi ìka tẹ èbà lásán. Ọjọ́bọ̀, bí oòrùn ṣe ń rọlẹ̀, Ìyá àgbà yọ ẹran inú ọbẹ̀ tirẹ̀ sínú àwo Dádì, Dádì kò fọwọ́ kàn án. Ìyá àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ó wá bi í pé, "Ṣọlá, ọ̀gá rẹ, ibo ló máa ń kọ orúkọ sí?"

Dádì dìde láìfọ ọwọ́. A sáré tẹ̀lé e. Ó dúró níwájú kẹ̀kẹ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ wí. Ó ní ọwọ́ méjì ló wà nínú ọkọ̀ yìí, òun ti rí i láti oṣù àkọ́kọ́. Ọwọ́ àwọn tó ṣe é fún ọlọ́rọ̀, ìyẹn ń lo ìṣó. Ọwọ́ kejì wà níwájú, níbi tó ti fọ́, èèkàn igi lonítọ̀hún ń lò, gbogbo èèkàn rẹ̀ ló sì tẹ̀ sí apá òsì, alòsì ni. Abẹ́ kẹ̀kẹ́ lòun wò, òun kò wo abẹ́ ìjókòó awakọ̀, torí pé kò bàjẹ́, ohun tí kò bàjẹ́ a kì í tú u. Ó gun orí rẹ̀. Ó yọ èèkàn náà níkọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sínú àwo èbà tí Ìyá àgbà ṣì dì mú, kí ọ̀kan má baà sọnù. Nígbà tí pákó ìjókòó ṣí, ó yí i dé, ó sì fẹ́ eruku orí rẹ̀. Ó pè mí kí n wá kà á, torí pé ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Omi ló kún un. Lẹ́tà ńlá ńlá tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ ni, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo kà á sókè, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá àgbà: "Josiah Tarver. Mo rà á ní fífọ́. Mo tún un ṣe. Tèmi ni."

Dádì gbé ìyá rẹ̀ sókè, òun àti gèlè rẹ̀. Mọ́mì ló tẹ Miss Odessa láago. Ó ní ohun tí arúgbó náà kọ́kọ́ bèèrè ni bí Josiah ṣe kọ lẹ́tà T rẹ̀. Mọ́mì ní orí rẹ̀ gùn ju ìdí lọ, ó tẹ̀ díẹ̀. Miss Odessa ní ọwọ́ rẹ̀ náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà lára ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ọkùnrin míúsíọ̀mù dé ní Sátidé, ó tan iná sí i, ó kúnlẹ̀, ó kà á. Miss Odessa ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ó ní kó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, kí ó sì gbé ohùn sókè, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Tíṣà ni obìnrin yẹn, kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó títí ó fi mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n tó gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ sí míúsíọ̀mù, wọ́n wá ẹṣin méjì ní Conyers, wọ́n so wọ́n mọ́ ọn, Miss Odessa sì gùn ún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ta ló jókòó tì í? Ìyá àgbà ni o, ẹni tó ní ọkọ̀ òkú ni. Ó ń juwọ́ sí gbogbo èèyàn bí olorì, ó sì ń bèèrè lọ́wọ́ mi láti ojú fèrèsé bóyá àwọn ará Abẹ́òkúta máa rí fọ́tò rẹ̀.

Mo fo ohun kan. Kí Dádì tó dá pákó ìjókòó náà padà, ó bèèrè lọ́wọ́ Miss Odessa bóyá òun lè kọ nǹkan síbẹ̀. Ó ní kó kọ ọ́. Ó lo gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan lórí rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ ti Josiah, lẹ́tà tirẹ̀ kéré, bí ọmọ ṣe ń dúró lẹ́yìn bàbá. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, tí mo sì kà á, ó sì ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lóṣù tó kọjá, èmi, Dádì àti ọmọbìnrin mi lọ wò ó ní míúsíọ̀mù. Dádì ti ń fi ọ̀pá rìn. Àkọlé náà ṣì wà níbẹ̀: ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, lẹ́yìn náà Josiah Tarver, ẹni tó rà á tó sì tún un ṣe, lẹ́yìn náà Odessa Tarver, ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ mi kà á tán, ó bèèrè pé orúkọ Bàbá àgbà ńkọ́. Ìbéèrè tó ti ń bí mi nínú fún ọgbọ̀n ọdún nìyẹn. Dádì ní orúkọ òun wà níbi tó yẹ kó wà, lábẹ́ ìjókòó awakọ̀. Ó gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀, orúnkún rẹ̀ kọ̀, ó wá tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún ọmọ mi, tí Yorùbá rẹ̀ kò ju ti ọjọ́ Àìkú lọ, pé kó ṣe nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kí Bàbá àgbà sọ ohun tó kọ sábẹ́ ibẹ̀ fún òun, Dádì sì wo ìjókòó gíga yẹn, ó sọ ọ́ sókè, àwọn èèyàn yíjú wò wá: "Bàbá Josiah, ẹ má bínú. Èmi Ṣọlá, káfíńtà ará Abẹ́òkúta, ni mo pa orúkọ yín rẹ́. Èmi náà ni mo wá a rí."